Sienna mi ń dún gbọ̀gbọ̀gbọ̀ níwájú: ṣé kí n ra ráàkì?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, ọ̀gá. Toyota Sienna 2005 ni mo fi ń gbé àwọn ọmọ lọ sí iléèwé ní Ìbàdàn níbí, òun náà ni mo fi ń gbé ìyá mi lọ sí ọsibítù. Ó ti tó oṣù mélòó kan tó ti ń dún gbọ̀gbọ̀gbọ̀ lẹ́sẹ̀ iwájú, lápá ọ̀tún, bí mo bá ń rọra wà á kọjá nínú gálọ́ọ̀pù àdúgbò wa. Tí mo bá gun bíréékà tààrà, kì í fi bẹ́ẹ̀ dún. Tí mo bá jáde sí ọ̀nà tó dán, kẹ́kẹ́ á pa. Ṣùgbọ́n tí mo bá ń yí sítíárìn níbi tí mo fẹ́ páàkì sí, á dún “kó” lẹ́ẹ̀kan. Mẹkáníìkì mi pààrọ̀ ṣọ́ọ̀kì iwájú méjèèjì, tuntun ló sì rà. Ariwo náà rọlẹ̀ fún ọjọ́ díẹ̀, ó tún padà wá. Ó fi kọ̀ǹpútà yẹ̀ ẹ́ wò, kò rí nǹkan kan. Ní báyìí, ó ní ráàkì sítíárìn ló ti bàjẹ́, kí n wá owó rẹ̀. Owó iléèwé àwọn ọmọ ló wà lọ́wọ́ mi. Ṣé kí n ra ráàkì yìí?

Ìdáhùn: Rárá, ìyá wa, ẹ má tíì ra ráàkì, ìyẹn irin tó ń gba yíyí sítíárìn tó sì fi ń ti táyà sọ́tùn-ún sósì. Ẹ fi owó iléèwé sílẹ̀ níbi tó wà. Ohun tí ẹ kọ yìí ti sọ púpọ̀ nípa ibi tí ariwo náà ti ń wá, kò sì sí ìkankan nínú rẹ̀ tó nàka sí ráàkì tààrà. Ibi méjì ni mo fura sí. Líńkéèjì sìtàbìláísà, ọ̀pá kékeré kan tó so mọ́ ara ṣọ́ọ̀kì, ni mo rò pé ó ń dún gbọ̀gbọ̀gbọ̀. Mọ́ńtììnì, ìyẹn ohun tó so orí ṣọ́ọ̀kì mọ́ ara mọ́tò, àti bẹ́ríìnì tó wà níbẹ̀ ni mo rò pé ó ń dún “kó” nígbà tí ẹ bá ń yí sítíárìn. N kò fọwọ́ kan mọ́tò náà, ìfura ni mo sì pè é, ṣùgbọ́n ìfura yìí ṣeé dán wò láàárọ̀ ọjọ́ kan, kí owó páàtì kankan tó jáde. Bí ẹ bá ra ráàkì láìdán nǹkan kan wò, ẹ̀yìn tí wọ́n bá ti tú abẹ́ mọ́tò palẹ̀ ni ẹ óò tó mọ̀ pé òun kọ́.

Kí a tó débẹ̀, ohun méjì wà tí n kò fẹ́ kó di ọ̀la, nítorí àwọn ọmọ àti ìyá àgbà tó ń wọ mọ́tò yìí.

Àkọ́kọ́ ni nọ́ọ̀tì táyà. Wọ́n tú táyà iwájú méjèèjì nígbà tí wọ́n fẹ́ pààrọ̀ ṣọ́ọ̀kì, ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan sì ní nọ́ọ̀tì márùn-ún. Nọ́ọ̀tì tí wọn kò dè dáadáa máa ń mú kí táyà dún, táyà sì lè yọ dànù lójú títì. Ẹ jẹ́ kí fọganáísà tó sún mọ́ yín jù yẹ gbogbo wọn wò lónìí. Bó bá ní súpánà tó ń wọn agbára, 103 Nm ni Toyota ń fẹ́.

Èkejì ni bọ́ọ̀lù jọ́ìntì ìsàlẹ̀. Nínú gbogbo ohun tó lè dún lẹ́sẹ̀ iwájú, òun ni mo bẹ̀rù jù. Òun ló so họ́ọ̀bù táyà mọ́ lówà áàmù, irin ìsàlẹ̀ tó nà láti férémù dé ìdí táyà. Bó bá jẹ tán tó sì yọ, táyà á yẹ̀ síta, mọ́tò á fi ẹsẹ̀ iwájú wọ́lẹ̀, awakọ̀ kò sì ní rí mọ́tò darí mọ́. Ariwo ni líńkéèjì tó kú máa ń fi yọ èèyàn lẹ́nu, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Bọ́ọ̀lù jọ́ìntì tó kú lè pa èèyàn. Kí wọ́n fi jáàkì gbé mọ́tò níbi férémù, kì í ṣe lábẹ́ lówà áàmù, kí táyà lè rọ̀ dirodiro. Kí wọ́n fi irin tó lágbára gbé mọ́tò dúró kí ẹnikẹ́ni tó wọ abẹ́ rẹ̀, torí jáàkì nìkan kò tó. Kí wọ́n wá ki irin gígùn kan bọ àárín lówà áàmù àti họ́ọ̀bù, kí wọ́n fi mì wọ́n sókè sódò. Kò yẹ kí wọ́n rí àlàfo kankan níbẹ̀. Bí wọ́n bá rí i pé ó ń mì, ẹ má gbé ọmọ kankan sínú mọ́tò náà títí wọn yóò fi pààrọ̀ rẹ̀. Bó bá jẹ́ pé róbà rẹ̀ nìkan ló ya tí gíríìsì ti ń jáde, kò ní pẹ́ tí òun náà yóò fi bẹ̀rẹ̀ sí í mì, ẹ pààrọ̀ rẹ̀ nígbà tí wọ́n ṣì wà níbẹ̀.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká wá gbọ́ ohun tí ariwo náà ń sọ.

Ọ̀rọ̀ tó níye lórí jù nínú ohun tí ẹ kọ ni pé gálọ́ọ̀pù ń mú un dún, bíréékà kì í sì í fi bẹ́ẹ̀ mú un dún. Lábẹ́ iwájú mọ́tò yín, ọ̀pá irin kan nà láti ẹsẹ̀ ọ̀tún dé ẹsẹ̀ òsì. Òun ni sìtàbìláísà. Iṣẹ́ rẹ̀ ni pé kó má jẹ́ kí mọ́tò dà sẹ́gbẹ̀ẹ́ jù bí ẹ bá ń wọ kọ́nà, pàápàá mọ́tò gíga tó ń gbé èrò méje tàbí mẹ́jọ bíi Sienna. Líńkéèjì ni ọ̀pá kékeré tó so orí sìtàbìláísà kọ̀ọ̀kan mọ́ ara ṣọ́ọ̀kì. Bọ́ọ̀lù kékeré kan wà lókè rẹ̀, òmíràn wà nísàlẹ̀, róbà sì bò wọ́n kí gíríìsì inú wọn má bàa jáde, kí iyẹ̀pẹ̀ má sì wọlé.

Bí ẹ bá gun bíréékà tààrà, táyà méjèèjì á gòkè pọ̀, wọ́n á sì sọ̀ pọ̀. Ọ̀pá náà á kàn bá wọn gòkè bá wọn sọ̀ ni, kò sí ohun tó ń lọ́ ọ, líńkéèjì kò sì ṣe iṣẹ́ púpọ̀. Nínú gálọ́ọ̀pù, ọ̀rọ̀ yàtọ̀. Táyà ọ̀tún wà nínú kòtò, táyà òsì wà lórí òkúta, kí ẹ sì tó ṣẹ́jú, wọ́n ti gbapò ara wọn. Ọ̀pá náà á máa lọ́ sí ibí, á máa lọ́ sí ọ̀hún, líńkéèjì ni yóò sì máa fà á tí yóò máa tì í. Bí bọ́ọ̀lù inú líńkéèjì bá ti jẹ, yóò máa gbá ara ilé rẹ̀ nígbàkigbà tí fífà bá di títì. Ìyẹn ni gbọ̀gbọ̀gbọ̀ tí ẹ ń gbọ́. Lójú ọ̀nà tó dán, táyà méjèèjì wà ní ìpele kan náà, ìdí nìyẹn tí kẹ́kẹ́ fi ń pa.

Ẹ lè dán èyí wò fúnra yín. Ẹ kọ́kọ́ kó jáàkì, súpánà, ìgò omi àwọn ọmọ àti gbogbo ohun tó lè mì kúrò nínú mọ́tò. Ẹ pa rédíò àti AC, kí ẹ sì ṣí fèrèsé. Ẹ wá bíréékà kan níbi tí mọ́tò kò ti pọ̀. Ẹ kọ́kọ́ gùn ún tààrà, jẹ́jẹ́. Lẹ́yìn náà, ẹ padà wá gùn ún lẹ́gbẹ̀ẹ́, kí táyà kan ti gòkè kí èkejì tó kàn án. Bó bá dákẹ́ nígbà àkọ́kọ́, tó sì dún nígbà kejì, ìfura mi ti lágbára gan-an nìyẹn. Bó bá dún bákan náà nígbà méjèèjì, mọ́ńtììnì ṣọ́ọ̀kì tàbí búṣììnì (róbà ìdí) lówà áàmù ni ẹ jẹ́ kí wọ́n kọ́kọ́ wò. Ẹ fi fóònù gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀ nígbà méjèèjì, kí mẹkáníìkì lè gbọ́ ohun tí ẹ gbọ́.

Ibi tí ọ̀pọ̀ mẹkáníìkì ti ń ṣìnà ni àyẹ̀wò líńkéèjì gan-an. Wọ́n á fi jáàkì gbé ẹsẹ̀ ọ̀tún nìkan sókè, wọ́n á di líńkéèjì mú, wọ́n á mì ín, kò ní mì, wọ́n á ní, “Èyí ṣì le dáadáa.” Kò lè ṣe kó má le! Táyà ọ̀tún rọ̀ sílẹ̀, táyà òsì ṣì wà nílẹ̀, ọ̀pá sìtàbìláísà ti lọ́, ó sì ti fa líńkéèjì le pinpin. Líńkéèjì tó ti kú pátápátá lè dà bíi tuntun ní ipò yẹn. Àyẹ̀wò tó péye ni kí táyà méjèèjì wà ní ìpele kan náà. Kí mọ́tò dúró lórí kòtò mẹkáníìkì pẹ̀lú táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin nílẹ̀, tàbí kí wọ́n gbé ẹsẹ̀ iwájú méjèèjì sókè pọ̀. Nígbà náà ni kí ẹnì kan di líńkéèjì mú, kó fi agbára mì ín sókè sódò. Bó bá ti jẹ, ẹ óò gbọ́ ọ, yóò sì mọ̀ ọ́n lọ́wọ́.

Bí iyèméjì bá ṣì wà, àyẹ̀wò kan tún wà tó fẹ́rẹ̀ẹ́ parí ẹjọ́. Kí wọ́n tú líńkéèjì méjèèjì kúrò, kí wọ́n fi okùn so orí sìtàbìláísà kó má bàa kan táyà tàbí ṣáàfù tó ń yí táyà, kí ẹ̀yin àti mẹkáníìkì jọ wa mọ́tò náà díẹ̀ nínú gálọ́ọ̀pù kan náà tó máa ń dún. Ẹ rọra wà á o, kí ẹ má sì gbé e jáde sí títì ńlá, torí mọ́tò á máa dà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ ní kọ́nà. Bí ariwo náà bá pòórá, ẹ ti mú olè náà lọ́wọ́ kan. Bó bá ṣì ń dún bíi ti tẹ́lẹ̀, líńkéèjì kò mọ̀ nípa rẹ̀, ẹ kò sì tíì ná kọ́bọ̀ kan sórí páàtì.

Ẹ lè béèrè pé kí ló dé tí ariwo náà fi rọlẹ̀ lẹ́yìn tí wọ́n pààrọ̀ ṣọ́ọ̀kì. Lára ṣọ́ọ̀kì ni líńkéèjì Sienna so mọ́. Kò sí bí wọ́n ṣe máa yọ ṣọ́ọ̀kì láìtú líńkéèjì. Nígbà tí wọ́n dá a padà, bọ́ọ̀lù rẹ̀ lè ti jókòó sí ẹ̀gbẹ́ mìíràn nínú ilé rẹ̀, níbi tí kò tíì jẹ tó bẹ́ẹ̀, wọ́n sì tún nọ́ọ̀tì rẹ̀ dè. Lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀ nínú gálọ́ọ̀pù, ó padà síbi tó ti wà tẹ́lẹ̀. Ó sì ṣeé ṣe kó jẹ́ pé nọ́ọ̀tì náà kò le tó, tó sì ti ń tú bọ̀. Ẹ jẹ́ kí wọ́n kọ́kọ́ fi súpánà kàn án. Bó bá jẹ́ òun ni, ìṣòro yín parí níbẹ̀.

Ẹ má jẹ́ kí ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún tí ẹ ti ń gbọ́ ọ tàn yín jẹ. Irin ara mọ́tò máa ń gbé ohùn rìn, sìtàbìláísà fúnra rẹ̀ sì nà láti ẹ̀gbẹ́ kan dé èkejì. Kí wọ́n yẹ òsì wò bí wọ́n ṣe yẹ ọ̀tún wò. Kí wọ́n sì wo róbà méjì tó di ọ̀pá náà mọ́ férémù. Bí wọ́n bá ti jẹ, àwọn náà máa ń dún, àmọ́ ohùn tiwọn wúwo ju ti líńkéèjì lọ.

“Kó” tó ń dún nígbà tí ẹ bá ń páàkì jẹ́ ẹjọ́ mìíràn. Kò sí gálọ́ọ̀pù níbẹ̀, mọ́tò kò tilẹ̀ rìn, sítíárìn nìkan ló ń yí. Bí sítíárìn bá ń yí, táyà, họ́ọ̀bù, ṣọ́ọ̀kì àti sípíríǹgì tó yí ṣọ́ọ̀kì ká ló jọ ń yí. Lókè pátápátá, níbi tí ṣọ́ọ̀kì ti kan ara mọ́tò, bẹ́ríìnì kan wà tó yẹ kó jẹ́ kí gbogbo wọn yí láìsí ìnira. Bí bẹ́ríìnì yẹn bá ti dípẹtà, sípíríǹgì kò ní lè bá táyà yí. Yóò máa lọ́, agbára á máa pọ̀ sí i nínú rẹ̀, títí yóò fi já ara rẹ̀ gbà lẹ́ẹ̀kan náà. Ìgbà yẹn lẹ máa ń gbọ́ “kó”.

Ìdí kan sì wà tí mo fi fura sí i nínú mọ́tò tiyín. Nínú Sienna tó jáde láàárín 2004 sí 2010, orí ṣọ́ọ̀kì iwájú kì í hàn síta bí ẹ bá ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì. Ó wà lábẹ́ ike tó wà nísàlẹ̀ gíláàsì iwájú, wọ́n sì ní láti tú wáípà àti ike náà kí wọ́n tó débẹ̀. Iṣẹ́ ńlá ni. Ẹni tó bá ti ṣe gbogbo wàhálà yẹn, ó yẹ kó pààrọ̀ mọ́ńtììnì àti bẹ́ríìnì pẹ̀lú ṣọ́ọ̀kì. Àmọ́ lọ́pọ̀ ìgbà, wọ́n máa ń yọ ti àtijọ́ kúrò lórí ṣọ́ọ̀kì tó kú, wọ́n á gbé e lé orí tuntun, bóyá nítorí pé oníbàárà ní owó kò tó, bóyá nítorí pé wọn kò rí i rà lọ́jọ́ náà. Ẹ bi í léèrè pẹ̀lú sùúrù: “Ọ̀gá, nígbà tí ẹ ṣe ṣọ́ọ̀kì, ṣé ẹ pààrọ̀ mọ́ńtììnì òkè, àbí ti tẹ́lẹ̀ lẹ dá padà?” Bó bá ní ti tẹ́lẹ̀ ni, a ti mọ ibi tí a ó ti bẹ̀rẹ̀.

Ẹ dán an wò báyìí. Kí mọ́tò wà nílẹ̀, ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́, jíà wà ní P, kí ẹ sì fi bíréèkì ìpáàkì dì í mú. Kí ẹnì kan rọra yí sítíárìn láti ọ̀tún dé òsì. Kí ẹnì kejì tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ lé ẹ̀yìn sípíríǹgì láti ita, kó má ki ìka bọ àárín rẹ̀ rárá. Bí sípíríǹgì bá ta lọ́wọ́ rẹ̀ lásìkò kan náà tí “kó” dún, òkè ṣọ́ọ̀kì ni. Ó lè jẹ́ bẹ́ríìnì, ó sì lè jẹ́ pé sípíríǹgì kò jókòó dáadáa nínú ilé rẹ̀ nígbà tí wọ́n to ó padà. Bí sípíríǹgì kò bá ṣe nǹkan kan, tó jẹ́ pé inú mọ́tò lábẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù ni ohùn náà ti ń wá, tí ẹni tó ń yí sítíárìn sì ń mọ̀ ọ́n lọ́wọ́, ẹ jẹ́ kí wọ́n wo ọ̀pá kékeré tó so sítíárìn mọ́ ráàkì àti jọ́ìntì orí rẹ̀. Ìyẹn náà kì í ṣe ráàkì.

Ìkìlọ̀ kan lórí èyí, mo sì fẹ́ kí ẹ kà á fún mẹkáníìkì yín bí ọmọ iṣẹ́ bá wà lọ́dọ̀ rẹ̀. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ tú nọ́ọ̀tì àárín orí ṣọ́ọ̀kì láìkọ́kọ́ fi irin tí wọ́n fi ń di sípíríǹgì dì í mọ́lẹ̀. Agbára tó wà nínú sípíríǹgì yẹn tó láti fọ́ èèyàn lágbárí.

Ráàkì wá ńkọ́? Orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́. Ráàkì lè bàjẹ́ lóòótọ́, ó sì ní àmì tirẹ̀. Òróró sítíárìn á máa dín kù, ẹ ó sì máa rọ òmíràn sí i. Bí wọ́n bá fi ọwọ́ fún róbà rọ́kọrọ̀kọ tó wà ní ìkángun rẹ̀ kọ̀ọ̀kan, wọ́n á rí i pé òróró ti kún inú rẹ̀. Sítíárìn á le lápá kan ju èkejì lọ. Ẹ kò kọ ìkankan nínú ìwọ̀nyí.

Kí wọ́n ṣe àyẹ̀wò yìí kí ọ̀rọ̀ ráàkì tó tún wáyé. Kí mọ́tò wà nílẹ̀, kí kọ́kọ́rọ́ ṣí sítíárìn, kí ẹ́ńjìnnì kú. Kí ẹnì kan máa yí sítíárìn díẹ̀díẹ̀, kíákíá, sọ́tùn-ún sósì. Kí ẹnì kejì fi ọwọ́ kan orí táì rọ́ọ̀dù níta, ìyẹn ọ̀pá tó so ráàkì mọ́ ìdí táyà, kó fi ọwọ́ kan ráàkì ẹ́ńdì, jọ́ìntì tó wà ní ìkángun ráàkì, láti orí róbà, kó sì fi ọwọ́ kan ibi tí wọ́n fi bóòtù de ráàkì mọ́ férémù. Lẹ́yìn náà, kí wọ́n gbé táyà kan sókè, kí wọ́n di í mú lọ́tùn-ún àti lósì, bí ọwọ́ aago 9 àti 3, kí wọ́n mì ín. Bó bá mì níbẹ̀, táì rọ́ọ̀dù tàbí ráàkì ẹ́ńdì ni, wọ́n sì ń ta àwọn yẹn lọ́tọ̀, ẹ kò ní láti ra odindi ráàkì nítorí wọn. Bó bá jẹ́ ibi bóòtù férémù ló ń mì, búṣììnì tàbí bóòtù ni wọn yóò ṣe. Kí ẹ tó san owó ráàkì, kí mẹkáníìkì fi ọwọ́ yín kan ibi tó ń mì tàbí kó fi ibi tí òróró ti ń jò hàn yín. Kò yẹ kó bínú sí ìyẹn.

Àwọn nǹkan mìíràn wà tó máa ń dún lẹ́sẹ̀ iwájú, mo kàn fẹ́ sọ wọ́n kí ẹ lè yọ wọ́n kúrò. Ṣáàfù tó ti jẹ máa ń dún kẹ́kẹ́kẹ́ bí ẹ bá yí sítíárìn dé òpin tí ẹ sì ń rìn, gíríìsì á sì ti tú sára ríìmù láti inú. Bẹ́ríìnì họ́ọ̀bù máa ń hó hùùù, ohùn rẹ̀ sì ń ga bí eré bá ṣe ń pọ̀. Ẹ́ńjìnnì síìtì, róbà tó gbé ẹ́ńjìnnì dúró, máa ń gbá gbì bí ẹ bá yọ jíà láti P sí D tàbí sí R. Bíréèkì péèdì tí wọ́n ti sọ irin pẹlẹbẹ ìdìmú rẹ̀ nù náà máa ń dún nínú gálọ́ọ̀pù, àṣìṣe tó sì wọ́pọ̀ ni, torí náà ẹ dán an wò. Nígbà tó bá ń dún, ẹ fi ẹsẹ̀ kan bíréèkì fẹ́ẹ́rẹ́. Bó bá dákẹ́ lójú ẹsẹ̀, ẹ ní kí wọ́n wo péèdì àti kálípà tó ń tẹ̀ ẹ́ kí wọ́n tó wo líńkéèjì.

Kọ̀ǹpútà tí wọ́n fi yẹ̀ ẹ́ wò kò purọ́. Ẹ́ńjìnnì, jíà, ABS àti àwọn ohun tó ní wáyà nídìí ló mọ̀. Líńkéèjì àti mọ́ńtììnì kò ní wáyà kankan, kò sí bí kọ̀ǹpútà ṣe máa mọ̀ pé wọ́n ti jẹ. Etí àti ọwọ́ ni wọ́n fi ń rí wọn.

Bó bá jẹ́ líńkéèjì ni, ẹ ra méjèèjì, ọ̀tún àti òsì, kódà bí ẹyọ kan ló ń dún. Ọjọ́ kan náà ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, kì í sì í pẹ́ tí èkejì fi máa ń tẹ̀lé e. Tuntun ni mo fẹ́ fún líńkéèjì àti bọ́ọ̀lù jọ́ìntì. Ohun tí bọ́ọ̀lù bá wà nínú rẹ̀, tí ẹlòmíràn ti lò lókè òkun fún ọdún púpọ̀, n kò rí ìdí tí ẹ fi máa fi owó ra ìyókù ayé rẹ̀. Bí ẹ bá dé Aráròmí ní Gate, kí ẹ tó sanwó, ẹ fi ìka mì orí bọ́ọ̀lù líńkéèjì náà. Ó yẹ kó le, kó máa yí pẹ̀lú agbára. Bó bá ń ṣubú síbí ṣubú sọ́hùn-ún fúnra rẹ̀, ẹ dá a padà sórí tábìlì. Ẹ mú ti àtijọ́ dání kí ẹ fi wọn gígùn rẹ̀, torí líńkéèjì Sienna ọdún mìíràn lè má bá tiyín mu. Líńkéèjì kò nílò aláínmẹ́ǹtì, ìyẹn títún ìdúró táyà ṣe kó lè tọ́, lẹ́yìn tí wọ́n bá dè é. Ṣọ́ọ̀kì, mọ́ńtììnì àti táì rọ́ọ̀dù nílò rẹ̀. Bí wọn kò bá ṣe aláínmẹ́ǹtì lẹ́yìn ṣọ́ọ̀kì tó kọjá yẹn, ẹ wo etí táyà iwájú yín, ó lè ti máa jẹ lápá kan.

Ní ti mẹkáníìkì yín, ẹ má bá a jà. N kò rí ẹ̀rí kankan pé ó fẹ́ rẹ́ yín jẹ. Ṣọ́ọ̀kì tó pààrọ̀ yẹn, nínú mọ́tò ọlọ́jọ́ pípẹ́ lórí ọ̀nà wa, ó ṣeé ṣe kó ti tó àkókò rẹ̀. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé òun nìkan ló ń wa mọ́tò náà yíká ṣọ́ọ̀bù, lórí ilẹ̀ tó tẹ́jú, níbi tí ariwo náà kì í ti í dún. Ẹ gbé e sínú mọ́tò, ẹ wà á lọ sínú gálọ́ọ̀pù tiyín gan-an, kó gbọ́ ọ, lẹ́yìn náà kí òun wà á kí ẹ̀yin jókòó lápá ọ̀tún. Ẹ sọ fún un pé ẹ óò san owó àyẹ̀wò, yálà ó rí páàtì tà fún yín tàbí kò rí. Gbólóhùn yẹn máa ń yí iṣẹ́ padà. Mẹkáníìkì tí kò rí owó àfi bí ó bá pààrọ̀ nǹkan, ó di dandan kó pààrọ̀ nǹkan.

Ẹ kò béèrè èyí, ṣùgbọ́n mo ní láti sọ ọ́ nítorí ọdún tí mọ́tò yín jáde. Sienna 2004 sí 2006 ń lo ẹ́ńjìnnì V6 oní-3.3 lítà tó ń fi bẹ́líìtì ṣe táímììnì, ìyẹn pé bẹ́líìtì ló ń mú kí àwọn ohun inú ẹ́ńjìnnì máa yí ní àkókò tó yẹ. Àwọn tó jáde láti 2007 ń lo ṣéènì. Toyota ní kí wọ́n máa pààrọ̀ bẹ́líìtì náà ní 90,000 máìlì, ìyẹn nǹkan bí 145,000 kìlómítà. Ẹ rántí pé máìlì ni dáṣíbọ́ọ̀dù mọ́tò tó wá láti Amẹ́ríkà ń kà. Bẹ́líìtì yìí kì í sábà pariwo kó tó já, ẹ́ńjìnnì á kàn kú lójijì níbikíbi tí ẹ bá wà, ó sì lè bàjẹ́ pẹ̀lú rẹ̀. Bí kò bá sí ìwé tàbí ẹni tó lè sọ ìgbà tí wọ́n pààrọ̀ rẹ̀ gbẹ̀yìn, ẹ kà á sí pé wọn kò tíì pààrọ̀ rẹ̀. Nígbà tí ẹ bá sì fẹ́ ṣe é, ẹ ní kí wọ́n pààrọ̀ pọ́ǹpù omi pẹ̀lú rẹ̀, torí bẹ́líìtì yẹn kan náà ló ń yí i, ibì kan náà ni wọ́n sì máa tú láti dé ìdí rẹ̀.